Kí Ẹ Tó Rọ Gáàsì Mìíràn: Bí A Ṣe Ń Tọpa Waya AC Ọkọ̀

Bí AC ọkọ̀ bá dákẹ́ ní Èkó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún ọlọ́kọ̀ ni pé gáàsì ti tán. Wọ́n á rọ gáàsì. Bí kò bá tutù, wọ́n á ní kọmpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC yí ká) ló kú, ọlọ́kọ̀ á sì forí lé ọjà Ládípọ̀ lọ ra tòkunbọ̀. Ìgbà tí owó bá ti lọ tán ni ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kọnẹ́tọ̀ (ibi tí wọ́n ti ki ẹnu waya bọ ara wọn) kan wò, á sì bá ìdípẹtà aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Iná kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kọmpírẹ́sọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tá a fẹ́ kí ẹ ṣe kò ju kan lọ: ẹ wá ibi tí iná dúró sí kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Mítà kan, gílóòbù kan àti sùúrù wákàtí méjì tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ waya nìkan nìyí o. Ẹ má tú nọ́ọ̀tì páìpù AC kankan. Gáàsì R-134a tó wà nínú rẹ̀ ń wá ọ̀nà jáde tipátipá. Bó bá tú sójú tàbí sọ́wọ́, òtútù rẹ̀ lè ba ẹran ara jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ háíbírídì (èyí tó ń lo epo àti bátìrì ńlá pọ̀), waya aláwọ̀ ọsàn tó lọ sídìí kọmpírẹ́sọ̀ rẹ̀ lè gbé iná tó ju 200 fóòtì (volt, òṣùwọ̀n agbára iná) lọ. Ó ń pa èèyàn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, waya tí wọ́n fi rọ́bà àwọ̀ yẹ́lò bò jẹ́ ti ẹ́báàgì, àpò atẹ́gùn tó ń wú bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ẹ má fi mítà tàbí gílóòbù kàn án rárá.

Ọ̀nà méjì tí iná ń gbà

Nínú ọ̀pọ̀ Corolla, Camry, Sienna àti Accord tó kún títì Èkó, ọ̀nà méjì ni iná AC ní. Ọ̀nà ńlá ti bátìrì wá, ó wọ inú fúùsì (10 áńpù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, 7.5 nínú òmíràn; áńpù ni òṣùwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), ó gba inú riléè AC (súìsì tí iná kékeré ń ṣí, tó sì ń pa) kọjá, ó sì já sí kọ́ìlì mágínẹ́ẹ̀tì (waya tí wọ́n wé jọ, tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì bí iná bá wọ̀ ọ́) tó wà níwájú kọmpírẹ́sọ̀. Kọ́ìlì náà gba ara irin kọmpírẹ́sọ̀ àti ẹ́ńjìnnì dá iná padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì.

Ọ̀nà kékeré ni ti àṣẹ. Bọ́tìnnì AC tí ẹ tẹ̀ ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ fẹ́ òtútù. Kọ̀ǹpútà á bi sẹ́ńsọ̀ gáàsì bóyá gáàsì tó, á bi sẹ́ńsọ̀ inú dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá yìnyín kò ti máa dì, á sì wo ooru ẹ́ńjìnnì. Bí gbogbo wọn bá ní kò séwu, á fa ẹsẹ̀ kan riléè sí nẹ́gétíìfù, riléè á pa ẹnu dé, iná á kọjá. "Ká!" lẹ máa gbọ́ níwájú ẹ́ńjìnnì: mágínẹ́ẹ̀tì ti fa kílọ́ọ̀ṣì (àwo irin iwájú kọmpírẹ́sọ̀) mọ́ púlì (kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń yí) nìyẹn, kọmpírẹ́sọ̀ ti ń yí. Bí ẹ kò bá gbọ́ "ká" yìí, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì ni iná ti dúró. Gbogbo àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, láti mọ èwo ni.

Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí kọmpírẹ́sọ̀ wọn kò ní mágínẹ́ẹ̀tì yìí; iwájú púlì wọn ń yí nígbà gbogbo, fáàfù kékeré kan nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń darí. Ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ fúùsì, kọnẹ́tọ̀, bulówà (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn AC sínú ọkọ̀) àti fáànù nìkan lẹ ó mú níbí.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Mítà oníńọ́ńbà tó ń ka fóòtì àti óòmù (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Gílóòbù bíréèkì 21 wáàtì kan tí ẹ so waya méjì mọ́. Fúùsì tuntun ní iye tí ọmọrí àpótí fúùsì kọ. Riléè 12 fóòtì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Waya bàbà 1.5 mm² bíi mítà mẹ́ta fún mágínẹ́ẹ̀tì, àti 4 mm² mítà kan bó bá jẹ́ ti bulówà, rọ́bà tí ń súnkì bí iná bá rà á, ẹ̀mú tó ń fún kọnẹ́tọ̀ pọ̀, sáńpépà, sípánà 10 mm, àti ìfín tí wọ́n fi ń fọ ẹnu kọnẹ́tọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ nídìí waya. Púpọ̀ nínú èyí tó pọ́n lójú lórí àtẹ, álúmínì tí wọ́n fi bàbà kùn lára ni. Ẹ mú abẹ, ẹ ha okùn kan nínú rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Irú waya bẹ́ẹ̀ ń gbóná ju bàbà lọ, kì í gba lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ waya pọ̀) dáadáa, ó sì máa ń kán bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n. Ti fúùsì náà ní àwọ̀ tirẹ̀: 7.5 jẹ́ búráùn, 10 pupa, 15 búlúù, 20 yẹ́lò, 30 àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá ṣí àpótí tí ẹ bá fúùsì aláwọ̀ ewé lójú ihò tí ọmọrí kọ 10 sí, ẹnì kan ti fi agídí ṣe é ṣáájú yín, ẹ sì máa rí waya tó jó níbì kan.

Láti orí bátìrì dé orí riléè

Ẹ fa hándíbíréèkì, ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀wọ̀n ọrùn. Fáànù iwájú lè yí lójijì nígbàkugbà tí AC bá wà lórí, bẹ́líìtì kò sì mọ ìka ọmọ èèyàn yàtọ̀ sí èkísà.

Ẹ ka bátìrì. Kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 12.4 sí 12.7 fóòtì, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.5. Bí kò bá tó 13 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) lẹ máa kọ́kọ́ yanjú, torí gbogbo ìwọ̀n tí ẹ bá kà lẹ́yìn ìyẹn á ṣì yín lọ́nà.

Ó kan fúùsì. Lára ọmọrí àpótí ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí: nínú Toyota, ẹ wá "A/C" tàbí "MG CLT" fún mágínẹ́ẹ̀tì, "HTR" fún bulówà, "CDS" àti "RDI" fún fáànù méjèèjì iwájú. Ẹ má fojú lásán wo fúùsì. Irin wínńdín méjì wà lórí rẹ̀. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ẹnu mítà kan kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èkejì kan nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí ọ̀kan bá ní iná tí èkejì kò ní, fúùsì ti já. Bí méjèèjì kò bá ní, iná kò dé orí fúùsì rárá, ẹ padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, riléè. Àyẹ̀wò tó yá jù ni kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi riléè họ́ọ̀nù sí ojú rẹ̀, bí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àwọn méjèèjì bá jọra. Bí AC bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ti parí, ẹ lọ ra riléè. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo abẹ́ riléè: 85 àti 86 ni kọ́ìlì rẹ̀, 30 àti 87 ni ẹnu ọ̀nà ńlá. Lára riléè ọkọ̀ Japan, ó lè jẹ́ 1 àti 2 fún kọ́ìlì, 3 àti 5 fún ẹnu ọ̀nà. Kọ́ìlì riléè tó dára máa ń ka nǹkan bíi 50 sí 120 óòmù.

Àyẹ̀wò méjì tó tẹ̀ lé e yìí ló máa la ọ̀rọ̀ náà sí méjì fún yín, ẹ má fò wọ́n.

Èkíní: ẹ yọ riléè, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, ẹ rí i pé ihò 30 ní 12 fóòtì. Ẹ wá fi waya tí ẹ so fúùsì 10 áńpù sí láàárín kan ihò 30 mọ́ ihò 87. Bí ẹ bá gbọ́ "ká" lọ́dọ̀ kọmpírẹ́sọ̀, ọ̀nà ńlá ti dára láti orí riléè dé ìdí mágínẹ́ẹ̀tì. Àṣẹ ni kò dé. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ó lè jẹ́ waya tó ti 87 lọ sídìí kọmpírẹ́sọ̀, tàbí kọnẹ́tọ̀ ibẹ̀, tàbí kọ́ìlì fúnra rẹ̀.

Èkejì: ẹ yọ waya yẹn kúrò, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ AC, ẹ tan bulówà. Ẹ fi ẹnu mítà kan ihò kọ́ìlì méjèèjì, 85 àti 86. Bí ó bá ka 12 fóòtì sókè, àṣẹ ti dé. Bí kò bá ka nǹkan kan, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí nẹ́gétíìfù bátìrì: bí ọ̀kan ṣoṣo bá ní iná, kọ̀ǹpútà ni kò fa èkejì sí nẹ́gétíìfù, ohun kan ló sì fà á tí kò fi gbà. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, ó ṣọ̀wọ́n. Sẹ́ńsọ̀ gáàsì ló máa ń jẹ́ jù.

Nídìí kọmpírẹ́sọ̀

Ẹ yọ kọnẹ́tọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì. Waya kan ló sábà máa ń wà níbẹ̀, nígbà míì méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ wọn kọ́ìlì láti ẹnu waya rẹ̀ sí ara irin kọmpírẹ́sọ̀: 3 sí 5 óòmù ló yẹ kó jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já tàbí fúùsì ooru inú rẹ̀ ti lọ. Bí kò bá tó 2 óòmù, kọ́ìlì ti jó wọnú ara rẹ̀, òun ló ń jẹ fúùsì yín.

Mítà nìkan lè tàn yín níbí. Waya tó ku okùn bàbà kan ṣoṣo tí kò já á ṣì ka 12 fóòtì nígbà tí kò gbé ẹrù kankan. Ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì bá béèrè iná ló máa ṣubú. Nítorí náà, ẹ dá waya 30 sí 87 padà, ẹ so gílóòbù 21 wáàtì mọ́ ẹnu kọnẹ́tọ̀ náà àti nẹ́gétíìfù bátìrì. Ó gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ kedere bí ìgbà tí ẹ bá gbé e lé bátìrì gan-an. Bó bá ṣú, ìdípẹtà ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ wá gbé ẹnu gílóòbù náà kúrò lórí nẹ́gétíìfù bátìrì, ẹ gbé e sára irin kọmpírẹ́sọ̀: bó bá ṣú níbẹ̀ nìkan, ọ̀nà ìpadà ni kò dára, ìyẹn waya ńlá tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ àti bátìrì. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha ojú irin títí á fi dán, ẹ dè é padà, ẹ sì fi Vaseline bo orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ìdípẹtà kékeré ṣe ń ba ti ńlá jẹ́. Kọ́ìlì 3.8 óòmù tó ń gba 13.8 fóòtì ń mu 3.6 áńpù. Bí ìdípẹtà inú kọnẹ́tọ̀ bá fi óòmù 1 péré kún un, iná á já sí bíi 2.9 áńpù, fóòtì tó dé orí kọ́ìlì á sì kù sí 10.9. Agbára tí mágínẹ́ẹ̀tì fi ń fa irin ń dín ju bí áńpù ṣe dín lọ: á kù sí bíi 63 nínú 100. Fúùsì dára, riléè dára, gáàsì pé, síbẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ò ní lè wá. Òmíràn á wá, ṣùgbọ́n á máa yọ̀, á máa rùn bí rọ́bà tó ń jó. Nínú Toyota tó bá ní sẹ́ńsọ̀ ìyípo lára kọmpírẹ́sọ̀, iná bọ́tìnnì AC á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, AC á sì pa ara rẹ̀. Kì í ṣe kọmpírẹ́sọ̀ ló kú.

AC tó tutù láàárọ̀, tó kú nínú gósílóò

Ẹ̀dùn yìí wọ́pọ̀ ní Èkó débi tó fi yẹ kí a dúró nídìí rẹ̀. Ọkọ̀ tutù láti Ìkòròdú títí dé Ọjọ́ta. Nígbà tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún ogójì ìṣẹ́jú, AC á dákẹ́. Lálẹ́, á tún ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìdákẹ́ tó jẹ́. Bí kọmpírẹ́sọ̀ bá ṣì ń yí ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ gbóná, tó sì tún ń tutù bí ẹ bá ti sáré lórí Third Mainland Bridge, fáànù iwájú ni kò yí. A máa dé ibẹ̀. Bí kọmpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ bá dúró, ẹ fura sí àlàfo kílọ́ọ̀ṣì.

Àlàfo wínńdín kan wà láàárín àwo kílọ́ọ̀ṣì àti púlì. Nínú ọ̀pọ̀ kọmpírẹ́sọ̀ ó jẹ́ nǹkan bíi 0.35 sí 0.65 mm. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú àwo ń jẹ, àlàfo ń fẹ̀. Nígbà òtútù, mágínẹ́ẹ̀tì ṣì lè fà á. Ṣùgbọ́n bàbà ń le sí iná bó bá ti ń gbóná: láti 30 dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, óòmù kọ́ìlì ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. 3.8 á di bíi 4.8. Ẹ rí i pé iye kan náà ni pẹ̀lú ìdípẹtà tí a ṣírò lókè yẹn. Mágínẹ́ẹ̀tì tí agbára rẹ̀ ti dín kò lè fa irin tó ti jìnnà.

Bí AC bá kú báyìí, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí kò léwu, ẹ fi AC sílẹ̀ lórí, ẹ ka fóòtì lẹ́yìn kọnẹ́tọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì láì yọ ọ́, kí ẹnu mítà àti ọwọ́ yín jìnnà sí bẹ́líìtì. Bí 13 fóòtì sókè bá wà níbẹ̀ tí àwo kò wá, waya yín kò lẹ́bi. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi abẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo wò ó níbi mẹ́ta yíká. Bó bá ti ju 0.7 mm lọ, ẹ tú bọ́ọ̀tì àárín àwo, ẹ fa àwo náà yọ, ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ tún wọn ọ́n. Ẹ má jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ ju 0.3 mm lọ, torí àwo á máa ha púlì nígbà tí AC kò sí lórí, á sì jó. Wáṣà kan tí kò tó owó ìpápánu ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ odidi kọmpírẹ́sọ̀.

Bí fóòtì kò bá sí níbẹ̀ nígbà tó kú, ẹ padà sídìí riléè. Riléè tí ẹnu rẹ̀ ti jó máa ń dákẹ́ bí inú ẹ́ńjìnnì bá gbóná.

Sẹ́ńsọ̀ gáàsì: ẹ má fọwọ́ líle mú un

Ara páìpù tó ti kọ̀ńdẹ́ńsà (ohun tó dà bíi réjétọ̀ níwájú ọkọ̀, tó ń tu gáàsì lára) wá ló sábà máa ń wà. Ti àtijọ́ ní waya méjì, súìsì lásán ni: ó máa ń ṣí ẹnu bí gáàsì bá kéré jù tàbí bó bá pọ̀ jù. Ti ìsinsìnyí ní waya mẹ́ta: 5 fóòtì, nẹ́gétíìfù, àti waya ìròyìn tí fóòtì rẹ̀ ń gòkè bí gáàsì bá ti ń ti sí i. Mítà oníńọ́ńbà nìkan ni kí ẹ fi kan ti oníwaya mẹ́ta. Gílóòbù ń fa iná púpọ̀, ó lè jó ẹnu kọ̀ǹpútà.

Fún ti oníwaya méjì, ẹ lè yọ kọnẹ́tọ̀ rẹ̀ kí ẹ fi waya so ihò méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí "ká" bá dún, gáàsì ti kéré tàbí ó ti pọ̀ jù lóòótọ́, tàbí kó jẹ́ súìsì ló ti bàjẹ́. Ìgbà yìí gan-an ló tọ́ kí alágáàsì wá gbé géèjì rẹ̀. Ẹ má fi waya yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ láé. Gáàsì ló ń gbé ọ́ìlì yí kọmpírẹ́sọ̀ ká. Bí kò bá sí gáàsì, irin á máa lọ irin.

Ohun tó ń dùn wá jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: àwọn riwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kan máa ń fa waya dáírẹ́ẹ̀tì láti bátìrì lọ sídìí mágínẹ́ẹ̀tì tàbí fáànù, wọ́n á fi súìsì kékeré sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á gbowó wọn. Ọkọ̀ tutù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣọ́ prẹ́ṣọ̀ gáàsì mọ́, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ yìnyín, fúùsì kì í sì í sábà sí lójú ọ̀nà. Bí waya bẹ́ẹ̀ bá há mọ́ ara irin, gbogbo agbára bátìrì á gbà á kọjá, rọ́bà rẹ̀ á gbiná. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ yín, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Bulówà tó ń fẹ́ ní nọ́ńbà 4 nìkan

Kò gba àkókò. Nọ́ńbà 1 sí 3 ń gba inú rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) kọjá. Nọ́ńbà tó ga jù kò gbà á. Bí 4 nìkan bá ń ṣiṣẹ́, rẹsísítọ̀ ti lọ. Ó wà lẹ́yìn àpótí ìkẹ́rùsí tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, sukurú méjì ló sábà ń dè é, inú atẹ́gùn bulówà ló sì wà kí atẹ́gùn náà lè máa tù ú lára. Ẹ wo kọnẹ́tọ̀ rẹ̀ dáadáa: bí ó bá ti yọ́ tàbí tó dúdú, ẹ pààrọ̀ òun náà pẹ̀lú waya 4 mm², torí rẹsísítọ̀ tuntun nínú kọnẹ́tọ̀ tó ti jó kò ní pẹ́. Bí rẹsísítọ̀ bá lọ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan, mọ́tọ̀ bulówà ló ń le tàbí fítà atẹ́gùn rẹ̀ ló ti dí fún eruku. Ọkọ̀ tí AC rẹ̀ ń yan ìwọ̀n òtútù fúnra rẹ̀ kò ní rẹsísítọ̀ yìí. Pátákó kékeré onítransísítọ̀ tó ń darí ìyára bulówà ló ní.

Fáànù iwájú

Tẹ AC, kí ẹ sì wo iwájú: fáànù kọ̀ńdẹ́ńsà gbọ́dọ̀ yí láìpẹ́ lẹ́yìn tí "ká" bá dún. Bí kò bá yí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọnẹ́tọ̀ fáànù, ẹ fi waya 4 mm² tó ní fúùsì 30 áńpù láàárín gbé iná láti bátìrì fún un. Bó bá yí dáadáa, fúùsì, riléè tàbí waya fáànù lẹ máa yẹ̀ wò bí a ti yẹ ti mágínẹ́ẹ̀tì wò. Bí ẹ bá ní láti fi igi ti abẹ́bẹ́ rẹ̀ kó tó dìde, bírọ́ọ̀ṣì inú mọ́tọ̀ ti jẹ tán.

Fúùsì tó ń jó ní gbogbo ìgbà

Ẹ má fi fúùsì ṣòfò. Ẹ yọ kọnẹ́tọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ẹnu waya gílóòbù 21 wáàtì méjèèjì sí ihò fúùsì dípò fúùsì, kí ẹ sì so 30 mọ́ 87. Gílóòbù kò jẹ́ kí iná ju nǹkan bíi 2 áńpù kọjá, nítorí náà waya kò ní jó. Bí gílóòbù kò bá tàn, waya dára, kọ́ìlì ló lẹ́bi. Bó bá mọ́lẹ̀, waya ti kan irin níbì kan. Ẹ máa fọwọ́ mi ìdì waya díẹ̀díẹ̀ láti àpótí fúùsì lọ: lábẹ́ àtẹ bátìrì, nítòsí páìpù èéfín tó gbóná, lára irin tó di kọmpírẹ́sọ̀ mú, àti ibi tí waya ti ń bọ́ láti ara ọkọ̀ sára ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ẹ bá fọwọ́ kàn tí gílóòbù ṣẹ́jú, ibẹ̀ ni. Eku náà ń jẹ rọ́bà waya, pàápàá nínú ọkọ̀ tó dúró sí àgbàlá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan; ìgbẹ́ rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì á sọ fún yín.

Bí a ṣe ń so waya tó máa gbé òjò Èkó

Ọkọ̀ tó ti wọ omi ní Lẹ́kkí tàbí Àjàh nínú òjò Òkúdù kì í fi àìsàn rẹ̀ hàn lọ́jọ́ náà. Omi wọ kọnẹ́tọ̀, bàbà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ìdípẹtà náà sì ń rá wọ abẹ́ rọ́bà waya. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti òkun fẹ́ wọ Erékùṣù ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí omíyalé. Nítorí náà, tí ẹ bá gé waya tó dúdú, ẹ máa gé e sẹ́yìn títí ẹ ó fi kan bàbà tó ń dán.

Ẹ yọ ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó gé. Ẹ ti rọ́bà tí ń súnkì bọ waya ná, nítorí ohun tí gbogbo èèyàn ń gbàgbé nìyẹn. Ẹ bó bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní ẹnu méjèèjì, ẹ fi kọnẹ́tọ̀ onírin fún wọn pọ̀, ẹ fà á wò pẹ̀lú agbára. Bó bá yọ, kò mú. Bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó o, waya ni kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ràn títí á fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, ẹ má kán lẹ́ẹ̀dì lé e lórí. Lẹ́ẹ̀dì ń mú waya le gbagidi, nítorí náà ẹ de ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ nǹkan kó má baà kán níbi tó ti ń gbọ̀n. Bí waya méjì tàbí mẹ́ta bá wà, ẹ má ṣe gbogbo oríkèé wọn sójú kan. Tẹ́ẹ̀pù nìkan kò tó nínú ẹ́ńjìnnì. Ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ kó waya sínú rọ́bà oníhò, ẹ gbé e jìnnà sí páìpù èéfín, kí ẹ sì jẹ́ kó ro sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ kọnẹ́tọ̀, kí omi òjò lè kán síbi ìro náà dípò kó tọ waya wọnú.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tan AC fún ogún ìṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ dúró, ẹ fọwọ́ kan oríkèé tuntun náà lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbóná ju waya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, kò mú, ẹ tún un ṣe. Ẹ wá kọ ọ́ sí pépà kékeré kan: àwọ̀ waya tí ẹ pààrọ̀, ibi tí oríkèé wà, iye fúùsì, àti ọjọ́. Ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ọmọrí àpótí fúùsì, kí riwáyà tó bá tún ṣí i lọ́jọ́ mìíràn lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.